Ọjọ́ Tí Wọ́n Yin Bàámi ní Kóòtù

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí a sin Bàámi ni àwọn lọ́yà Enugu ránṣẹ́ sí wa pé àwọn fẹ́ ṣe ìjókòó ìdágbére fún un ní kóòtù. Àṣà wọn ni. Bí lọ́yà kan bá kú, wọn á wọ aṣọ dúdú wọn, wọn á dé irun funfun wọn, adájọ́ á jókòó sórí àga gíga, wọn á sì máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ irú èèyàn tí olóògbé jẹ́. Bí wọ́n bá parí, ẹnì kan nínú ẹbí á dìde dúpẹ́. Màmá ní èmi ni n óò dúpẹ́, torí èmi ni àkọ́bí, òyìnbó sì dán mọ́nrán lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti dé ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń rí mi lára.

Àmátúlláhì lorúkọ mi. Ọdún 1989 ni mò ń wí yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì níbẹ̀ ní Enugu. Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàámi jẹ́, torí àwọn tó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà kò sọ ọ́ re.

Bùsàrí Láwàl lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ogun abẹ́lé parí tán bí ọdún kan ló kó Màmá àtèmi wá sí Enugu. Àwọn ará ilé bi í pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá ní ìlú tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́. Ó dá wọn lóhùn pé ibi tí ìjà bá ti parí ni iṣẹ́ lọ́yà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé, Olúdáìsí, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n jọ gba ọ́fíìsì, wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sára pátákó kan ṣoṣo.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni Bàámi mọ̀ jù. Àwọn ará Ngwo, lórí òkè lọ́hùn-ún, fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í jókòó sí ọ́fíìsì fi etí lásán gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀. Á gun òkè lọ, á bọ́ bàtà, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ ààlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì fi erùpẹ̀ pupa dé orúnkún wọlé wá bá wa. Màmá á pariwo nítorí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Òun á rẹ́rìn-ín.

"Sàbúrátù, má bínú. Ẹlẹ́rìí mi lò ń wò lẹ́sẹ̀ mi yẹn."

Bàbá tó mọ ọmọ rẹ̀ ni. Ọdún tí Màmá lọ fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sí i ní Ìlọrin, Bàámi ló ń di irun fún èmi àti Sikirat àbúrò mi. Kò mọ̀ ọ́n dì. Olùkọ́ mi bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan bóyá mo já bọ́ láti orí ibùsùn ni. Mo wálé sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì, ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nílé wa ní Independence Layout, òyìnbó àti pìjìn ni àwa ọmọ ń sọ láàárín ara wa bíi ti gbogbo ọmọ àdúgbò, ṣùgbọ́n tí a bá ti kírun mọ̀ǹgàrí tán, Bàámi kì í gbọ́ òyìnbó mọ́. Á ní etí òun ti ti ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ìtàn yìí fún yín ní Yorùbá lónìí.

Ní ìparí ọdún 1985 ni eyín kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n yọ ọ́. Ojú ibẹ̀ kọ̀, kò jinná. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ẹni tó fi obì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí a ó fi gbé e dé Ìbàdàn, àwọn dókítà ní àrùn jẹjẹrẹ ni, pé inú egungun àgbọ̀n ló wà. Wọ́n gé lára àgbọ̀n náà. Ó rọlẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ó tún padà dé. Ọdún mẹ́ta ó lé ló fi ṣàìsàn náà. Ẹnu tó fi ń gba àwọn ará Ngwo sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àrùn náà lọ jókòó sí. Nígbà tó yá, kò lè sọ̀rọ̀ tó yéni mọ́, ìwé ló ń kọ ohun tó bá fẹ́ sọ sí.

Òórùn wá bẹ̀rẹ̀. N kò ní fi bò fún yín. Òórùn ẹran tó ń jẹrà lára ẹni tó ṣì ń mí ni. Ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ ìwé, ó ń wọnú ìrẹsì inú ìkòkò. Màmá ń da Dẹ́tọ̀ọ̀lù sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òórùn méjèèjì á wá pàdé, wọn á di nǹkan kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn tó ń wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ Iléyá dẹ́kun àtiwá. Àwọn lọ́yà tó máa ń yá ìwé lọ́wọ́ Bàámi ń gba ojú ọ̀nà wa kọjá, wọn kì í yà. Ẹnì kan tó dúró tì wá ni Bọ̀dá Sírájù, Sírájúdéènì, ọmọ Ọ̀fà, tó ń bá Bàámi tẹ ìwé ní ọ́fíìsì. Nígbà tí Bàámi kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́, Olúdáìsí ní kò sí iṣẹ́ fún Bọ̀dá Sírájù mọ́. Bọ̀dá Sírájù gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ lọ sábẹ́ agbòjò kan lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ìbúra. Lójoojúmọ́, tó bá ti kírun alásàrí tán, á wọ bọ́ọ̀sì wá sílé wa, òun àti Màmá á jọ tú egbò Bàámi, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á tún un dì.

Olúdáìsí wá lẹ́ẹ̀kan. Dádì Olúdáìsí là ń pè é nígbà náà. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ọdún 1987. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò jókòó. Bàámi na ọwọ́ sí i láti orí ibùsùn, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ojú tó kù fún un. Olúdáìsí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò kúkú lè ṣe kó má bọ̀ ọ́. Ó ní, "Láwàl, Ọlọ́run á ṣe é o," ó sì ti ń fẹ̀yìn rìn bó ṣe ń sọ ọ́. Màmá gbé míńírà tútù fún un ní pálọ̀, ó ní ikùn òun kún.

Èmi wà lẹ́bàá Bàámi. Fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rọ omi tó wà nínú ọgbà. A rí Olúdáìsí tó rìn lọ síbẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó mú ọṣẹ àti tówẹ́ẹ̀lì jáde. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn wá. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgbúnwọ́, ó fọ ọwọ́, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó bomi sí ẹnu, ó tu ú dànù. Lẹ́yìn náà ló ju ọṣẹ ọ̀hún sínú koríko, torí kò fẹ́ gbé e padà lọ sílé.

Mo bojú wo Bàámi. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ wàyí.* Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri.

Ìdí nìyí tí nǹkan fi ń rí mi lára. Oṣù kejì ọdún 1989 ni Bàámi kú. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn wa ti wí, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló kírun sí i lára. Nígbà tó di oṣù keje ọdún náà, kóòtù kún dé ẹnu ọ̀nà.

Mo jókòó láàárín Màmá àti Sikirat ní ìlà iwájú. Alága àwọn lọ́yà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ Abẹ́òkúta ni Bàámi. Ẹlòmíràn dìde, ó ní ikú mú un lọ lẹ́yìn "àìsàn ránpẹ́." Mo gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. Ọ̀kan ní kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí òun kì í yà kí i. N kò rí ojú ọkùnrin náà rí láyé mi. Gbogbo wọn ló ń dáhùn "hùn-ùn, hùn-ùn," tí irun funfun ń mì lórí wọn. Àárẹ̀ mú mi. Ńṣe ló dà bíi pé mo jẹ ọ̀rá tútù tó lẹ̀ mọ́ mi lókè ẹnu.

Olúdáìsí ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ti sanra sí i. Ó sọ bí òun àti Bàámi ṣe jọ jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan nígbà tí wọ́n ń kàwé, òótọ́ nìyẹn. Ó wá fi áńkáṣífù nu ojú, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè rí i.

"Olúwa mi, ọwọ́ yìí ni ọ̀rẹ́ mi dì mú nínú ìrora rẹ̀. N kò já a gbà títí ó fi lọ."

Gbogbo kóòtù kẹ́dùn. Obìnrin kan lẹ́yìn wa bú sẹ́kún. Èmi ń wo ọwọ́ náà, mo ń wo àwọn ìka rẹ̀ tó ń dán.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo mú ìwé tí mo ti kọ sílẹ̀ lọ síwájú, ìwé tó kún fún ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo tẹ́ ẹ, mo wò ó, mo ká a padà.

Mo ní, "Olúwa mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, òun náà kò sì sí nínú ilé yìí. Ó wà níta lábẹ́ agbòjò, ó ń bá èèyàn tẹ̀wé. Òun ló ń fọ egbò bàbá mi. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni bàbá mi fi ṣàìsàn, kì í ṣe àìsàn ránpẹ́. Ní ti ọwọ́ tí wọ́n gbé sókè lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ ọ́n. Ó bọ bàbá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ti gbé ọṣẹ wá láti ilé rẹ̀ tí yóò fi fọ̀ ọ́. Bàbá mi ń wò ó láti ojú fèrèsé. Èmi náà ń wò ó."

N kò pariwo. Olúdáìsí tẹjú mọ́ orí tábìlì. Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa dìde fún ìṣẹ́jú kan ní ìrántí olóògbé. A dìde. Ó parí.

Ẹ ó rò pé ara mi fúyẹ́. Ó fúyẹ́, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti gbé mítípáì àti míńírà síta lábẹ́ igi. Àwọn lọ́yà obìnrin rọ́ bò mí, wọ́n ń gbá mi mọ́ra. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Florence di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, omi wà lójú rẹ̀.

"My daughter, you try. You wey dey there, you and that man wey dey wash am. God go bless that your hand."

Mo ní, "Thank you, ma."

Ẹlòmíràn sọ irú rẹ̀. Mo tún dúpẹ́. Mítípáì wà lọ́wọ́ mi, mo bù ú jẹ, kò lọ. Mo gbé e pa mọ́ sẹ́nu bíi pé mo gbé òkúta.

Ìgbà yẹn ni Olúdáìsí wá bá wa. Ó ti bọ́ irun funfun náà, orí rẹ̀ kéré lábẹ́ oòrùn. Ó tẹríba díẹ̀ fún Màmá, Màmá yíjú kúrò. Ó wá kọjú sí mi.

"Àmátù, o dójú tì mí lónìí."

"Ẹ̀yin lẹ dójú ti ara yín, sà."

"Òótọ́ lo sọ. Mo fọ ọwọ́." Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Òórùn náà ni. N kò lè gbà á mọ́ra. Ọlọ́run rí mi, ọmọ mi, n kò lè gbà á mọ́ra. Ṣé ìwọ lè gbà á mọ́ra?"

Kò bú mi. Ìbéèrè ló ń bi mí, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo wò ó lójú.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo gbà á mọ́ra."

Ó mi orí, ó yípadà, ó lọ. Màmá ń wò mí.

N kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Olúdáìsí wá, mo wálé láti họ́sítẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ kan tí Màmá wà ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo po ògì fún Bàámi, mo ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Ògì náà wọlé, ó sì gba ihò tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọyún, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dúdú, ó ń kán sórí ọwọ́ mi. Mo bì. Orí aṣọ tó fi bora ni mo bì sí, lójú rẹ̀. Bàámi wò mí. Ó mú tówẹ́ẹ̀lì tó wà ní àyà rẹ̀, ó wá ojú ibi tó mọ́ níbẹ̀, ó fi nu ẹnu mi. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ nù kó tó nu ti ara rẹ̀.

Mo sá jáde. Láti ọjọ́ kejì ni ilẹ̀kùn yàrá náà ti wà ní títì nígbàkigbà tí egbò bá wà ní ṣíṣí. Màmá ní Bàámi ló sọ bẹ́ẹ̀, pé òun àti Bọ̀dá Sírájù nìkan ni kó máa wọlé. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n pé inú mi dùn. Títí ó fi kú, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí i, mo ń pa èémí mọ́, mo sì ń lọ.

A wọ takisí délé. Sikirat wọ yàrá lọ. Màmá tú gèlè rẹ̀, ó jókòó lórí àga ìdáná, ó ní kí n jókòó.

"Irọ́ tí ọkùnrin yẹn pa nínú kóòtù, àti èyí tí o pa níta, èwo ló kéré nínú méjèèjì?"

Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"N kò ní kí o má sọ tirẹ̀. Ó tọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni mo ṣa ọṣẹ náà nínú koríko, mo sì fi fọ aṣọ egbò, torí ọṣẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn ń súre fún ọwọ́ rẹ, o sì ń gbà á."

Mo ní, "Màmá, ara mi ń rí mi lára."

"Ó yẹ kó rí ẹ lára." Ó ká gèlè náà sórí itan. "Mo bi bàbá rẹ nígbà tó ní kí n ti ilẹ̀kùn bóyá ó ń bínú sí ẹ ni. Ó kọ ọ́ fún mi pé rárá. Ó ní ọmọ tó bá ń rí òun báyìí lójoojúmọ́, bí òun bá lọ tán, ihò nìkan ni yóò máa rántí. Ó ní kí n jẹ́ kí o rántí ẹni tó ń di irun fún ẹ."

Mo sunkún nígbà náà. Kò tù mí nínú. Ohun tí Bàámi fún mi bí ẹ̀bùn, mo ti gbà á bí ẹni tó rí ọ̀nà àtisá.

Olúdáìsí kò wá sílé wa mọ́. Iléyá ọdún náà ó fi àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́, Màmá ní kí awakọ̀ gbé e padà. Mo gbọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé ó ti kó lọ sí Èkó. N kò dárí jì í. Bí mo bá rántí ọwọ́ tó gbé sókè yẹn, ó ṣì máa ń rí mi lára di òní. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé n kò lè rántí tirẹ̀ láìrántí tèmi.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìjókòó náà ni mo lọ bá Bọ̀dá Sírájù lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Ó ní, "Àmátù, kí ló dé tí o fi sọ̀rọ̀ mi fún àwọn lọ́yà? Ṣé wọn kò ní máa rò pé mò ń wá nǹkan ni?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ sọ fún mi bí ó ṣe rí."

"Bí kí ni ṣe rí?"

"Egbò náà. N kò wò ó. Gbogbo ohun tí ẹ rí, ẹ sọ ọ́."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin. Mo ní ọmọ Láwàl ni mí. Ó yọ ìwé tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti àga onígi kan sí mi.

Ó sọ ọ́. Ó sọ bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, pé ìka mẹ́ta wọ ibẹ̀, pé èèyàn lè rí eyín òkè láti ìta. Ó sọ bí òwú ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ẹran, tí Bàámi á di etí ibùsùn mú tí kò ní kérora nítorí Sikirat tó ń kàwé ní yàrá kejì. Ó sọ pé ní àsìkò òjò ọdún tó kọjá, eṣinṣin bà lé e lójú oorun, ìdin sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì.

"Ìyá yín jáde lọ sunkún. Èmi ni mo ń fi ẹ̀mú kékeré mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mú díẹ̀, mo dúró. Bàbá yín ní kí n gbé ìwé fún òun. Ó kọ ọ́ pé, *Sírájù, má bẹ̀rù, lé wọn jáde. Wọn kò ní ìwé ilẹ̀.*"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Èébì sì tẹ̀ lé e, ó gbé mi dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo gbé e mì. Obìnrin kan dé tó fẹ́ tẹ ìwé ìbúra, Bọ̀dá Sírájù ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó bojú wò mí bóyá ó ti tó.

Mo ní, "Ẹ máa bá a lọ."